Má Fi Ìdákẹ́jẹ́ Dá Mi Lóhùn

Òkèrèwè,
Ilé-Ifẹ̀.

Sìdíkátù ọmọ mi, Àbẹ̀kẹ́,

Bó o bá rí i pé ìwé yìí mọ́ tónítóní, tí ìlà rẹ̀ tọ́, má rò pé ojú mi ti là o. Ìyá rẹ ló ń kọ ọ́. Èmi ń sọ̀rọ̀ látorí àga mi lẹ́bàá fèrèsé, òun jókòó sídìí tábìlì bí ìgbà tó ṣì ń ṣe tíṣà, ó sì ti kìlọ̀ fún mi pé òun ò ní kọ ìsọkúsọ. Mo ní ìsọkúsọ wo ni bàbá lè sọ sí ọmọ rẹ̀? Ó ní òun mọ̀ mí. Nítorí náà, ibi tó o bá ti rí i pé ọ̀rọ̀ dùn ju bí mo ṣe máa ń sọ ọ́ lọ, mọ̀ pé ìyá rẹ ló tún un ṣe.

A dúpẹ́ pé o gúnlẹ̀ sí Àbújá láyọ̀, tí ibi iṣẹ́ tuntun náà sì gbà ọ́ tọwọ́tẹsẹ̀. Ara àwa náà le. Òjò ti bẹ̀rẹ̀, àwọn ọmọ yunifásítì tó háyà yàrá lẹ́yìnkùlé ti padà dé, ariwo wọn ò sì jẹ́ kí ilé ó dá. Ìyá rẹ ní kí n sọ fún ọ pé kò sí ìgbà tí òun gbé oúnjẹ kalẹ̀ tí òun kì í wo àga rẹ. Èmi ò lè wo àga, ṣùgbọ́n mo máa ń fọwọ́ kàn án bí mo bá ń kọjá.

Mo ní ìmọ̀ràn fún ọ lórí iṣẹ́ tuntun yìí. Mo sì ní ìbéèrè kan tó o kò tíì dá mi lóhùn. Ìdí ìbéèrè yẹn jìn díẹ̀, mo sì fẹ́ rò ó láti ìbẹ̀rẹ̀, torí púpọ̀ nínú rẹ̀ ni ìyá rẹ tó ń kọ ọ́ yìí ò mọ̀. Nígbà tó ṣẹlẹ̀, ó ti lọ sọ́dọ̀ àbúrò rẹ̀ tó bímọ ní Òṣogbo. Nígbà tó dé, mo kàn sọ fún un pé èdè-àìyedè díẹ̀ wà láàárín ilé wa àti ilé Àlàájì Ràímì. Ó ti gbójú sókè báyìí, mo mọ̀ ọ́n nínú èémí rẹ̀.

Nígbà tí ojú mi lọ tán, ìwọ lo gbé kọ̀ǹpútà rẹ àtijọ́ fún mi. O fi ohùn kan sínú rẹ̀ tó ń ka ohun tí mo bá tẹ̀, o sì fi ẹ̀rọ ìgbọ́rọ̀ kan sí i tí kò ní àwòrán, tí kò ní ibi tí èèyàn ń nàka sí. Èèyàn á tẹ orúkọ rẹ̀, á tẹ orúkọ ohun tó fẹ́ gbọ́, ó parí. Mo sọ ọ́ ní Atẹ̀gbọ́. O ní kì í ṣe ilé-iṣẹ́ kankan ló ni ín, pé ẹnikẹ́ni lágbàáyé lè ṣí inú rẹ̀ wò kó sì tún ibi tó bàjẹ́ ṣe lọ́fẹ̀ẹ́. Mo ní irú ayé wo nìyẹn? O rẹ́rìn-ín. Gbogbo wáàsí tí mo gbà sí kásẹ́ẹ̀tì láyé mi ló wà níbẹ̀, àti ohùn ìwọ náà, torí o ṣètò rẹ̀ pé bó o bá sọ̀rọ̀ sínú fóònù rẹ, yóò bọ́ sínú kọ̀ǹpútà mi. Àwọn fóònù olójú dídán yẹn ò ṣe é lò fún irú èmi. Ìka mi á kàn án níhìn-ín, á lọ pe ẹni tí mi ò bá ní gbólóhùn kan.

Àṣé Atẹ̀gbọ́ yìí ló máa kó bá mi.

Àlàájì Ràímì, ọ̀rẹ́ mi tó ń ta àgbàdo àti ẹ̀wà ní Sábó, wá bá mi nílé. Ó ní Táófíkì ọmọ òun fẹ́ fẹ́ ọ, pé ẹ̀yin méjèèjì ti jọ ń sọ̀rọ̀ tipẹ́, kí àwọn àgbà wá dá sí i. Inú mi dùn. Ọmọ náà dára, kì í ṣe alágàbàgebè. Mo sọ̀rọ̀ ránṣẹ́ sí ọ ní Ìbàdàn níbi tó o wà nígbà náà. Mo ní, "Sìdí, àwọn ará ilé Àlàájì wá o. Ṣé kí n sọ fún wọn pé o gbà?" N kò sọ fún ìyá rẹ. Mo ní ọ̀rọ̀ yìgì, bàbá ló ń bi ọmọ. (Ìyá rẹ ní òun fẹ́ fa ìlà sí abẹ́ gbólóhùn yìí. Kó fà á.)

Nígbà tó di òwúrọ̀, èsì rẹ dé. Mo tẹ Atẹ̀gbọ́. Kẹ́kẹ́ pa. Mo tún un tẹ̀. Kẹ́kẹ́ tún pa. Kò sọ pé òun ò rí nǹkan, kò sọ pé nǹkan bàjẹ́, ó kàn dákẹ́ bí ẹni tó ń ronú. Wáàsí tí mo gbọ́ kí n tó tẹ tìrẹ dún ketekete, wáàsí tí mo sì tẹ̀ lẹ́yìn rẹ̀ náà dún. Mo wá jókòó, mo ní, "Háà! Sìdí!" Ìwọ náà mọ ohun tí àwọn Áàfáà ti fi kọ́ wa láti kékeré: bí wọ́n bá bi wúńdíá bóyá ó gbà láti fẹ́ ọkùnrin, tó bá tijú tó dákẹ́, ìdákẹ́jẹ́ rẹ̀ ni "bẹ́ẹ̀ ni." Mo ní, ẹ wò ó, ọmọ tó kàwé tó báyìí, tó ń gbé láàárín àwọn ọ̀làjú, ó ṣì rántí ẹ̀sìn débi tó fi ìdákẹ́jẹ́ ránṣẹ́ sí bàbá rẹ̀ nínú kọ̀ǹpútà! Omi lé sójú mi. Mo gbé ọ̀pá mi, ó di Sábó.

Àlàájì ní, "Kí ló sọ?"

Mo ní, "Kò sọ nǹkan kan."

Ó ní, "Alhamdulilahi!" A dì mọ́ra wa.

Ìwọ ò mọ nǹkan kan títí ìyá Táófíkì fi pè ọ́ níbi iṣẹ́, tó ń kí ọ ní "ìyàwó wa." O wá pè mí.

"Bàbá mi, kí lẹ gbọ́ nínú ohùn tí mo fi ránṣẹ́?"

"N kò gbọ́ nǹkan kan."

"Ẹ ò gbọ́ nǹkan kan, ẹ wá ní mo gbà?"

"Torí n kò gbọ́ nǹkan kan náà ni mo ṣe ní o gbà."

O dákẹ́. Kí n má parọ́ fún ọ, mo sọ nínú mi pé, ó tún ti gbà lẹ́ẹ̀kejì. Àfi bó o ṣe bú sẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín náà ò dúró sí ẹ̀rín, ó di ẹkún lágbedeméjì. O ní, "Mi ò sọ pé mo gbà, Bàbá," o sì pa fóònù.

Ìyá rẹ ti gbé bírò sílẹ̀. Ó ní, "Bàbá Sìdí, ẹ̀rọ ò fọhùn, ẹ wá fi ọmọ mi fọ́kọ?" Mo bẹ̀ ẹ́ pé kó máa kọ ọ́ lọ. Ó ní òun ń kọ ọ́ dáadáa, pé òun fẹ́ kó wà lákọsílẹ̀.

O wálé lópin ọ̀sẹ̀ yẹn, o ò bá mi jà. Ìyẹn ni mi ò ní gbàgbé. O kàn jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, o ń wá ibi tí ohùn rẹ sọnù sí. Nígbà tó o rí i, o pè mí, o ní ẹ̀rọ kì í fọ ohùn jáde bó ṣe ń bọ̀, pé ibì kan wà tó kọ́kọ́ ń dà á sí. Ẹ̀yin ń pè é ní bọ́fà. Mo ní àmù nìyẹn. O ní, "Bẹ́ẹ̀ ni, Bàbá, àmù ni!" À ń pọn omi sínú àmù, ife ń bù nínú àmù, kó fi jẹ́ pé bí ẹni tó lọ sí kànga bá pẹ́, ilé ò ní ṣàìrómi mu. Wọ́n ti wá sọ fún Atẹ̀gbọ́ pé kò gbọdọ̀ bu omi kankan àyàfi tí omi bá dé ibi àmì kan lára àmù. Wáàsí gùn, kì í pẹ́ dé àmì. Ọ̀rọ̀ tìrẹ kúrú. Wọ́n da gbogbo rẹ̀ sínú àmù tán, kò dé àmì. Ẹni tó ń pọnmi ti parí, ó ti lọ sílé, ife ṣì ń dúró de àmì. Omi wà nínú àmù, ilé ń kú lọ fún òùngbẹ.

Mo ti ń ro ọ̀rọ̀ àmù yìí láti ìgbà náà, òun ni mo sì fẹ́ fi gbà ọ́ nímọ̀ràn.

Èkíní: má sọ̀rọ̀ sórí ibi tí kò gba ohùn. Nígbà tí mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba òmìnira lọ́wọ́ ọ̀gá mi, tí mo ṣí ṣọ́ọ̀bù lẹ́bàá mọ́ṣáláṣí ní Sábó, Áàfáà àgbà kan gbé wáàsí oṣù Rámádánì rẹ̀ wá pé kí n dà á kọ sórí ọ̀pọ̀ kásẹ́ẹ̀tì. Ìwọ ò fi bẹ́ẹ̀ bá kásẹ́ẹ̀tì láyé. Ìbẹ̀rẹ̀ téèpù inú rẹ̀, tí à ń pè ní orí, máa ń mọ́ gaara bí ọ̀rá, ibẹ̀ ò sì gba ohùn. Ẹni tó mọṣẹ́ á kọ́kọ́ fi bírò yí i síwájú díẹ̀ kó tó bẹ̀rẹ̀. Ọ̀gá mi sọ fún mi. Ṣùgbọ́n ara mi ń yá gágá, mo fẹ́ kí gbogbo Sábó rí i pé ọwọ́ mi yá. Bísímílàhì Áàfáà ṣòfò sínú ọ̀rá lórí gbogbo kásẹ́ẹ̀tì náà pátá. Wáàsí tí aráàlú rà, àárín ọ̀rọ̀ ló ti bẹ̀rẹ̀.

Áàfáà wá bá mi ní ṣọ́ọ̀bù. Ó ní, "Músílíù, ṣé kèfèrí ni mí ni? Ta ló gbọ́ ọ rí pé mo la ẹnu láìpe Ọlọ́run?"

Mo ní, "Ẹ má bínú, sà, téèpù ni."

Ó ní, "Ṣé téèpù ló kọ́ṣẹ́ ni, àbí ìwọ?"

Mo tún gbogbo rẹ̀ ṣe. Ṣùgbọ́n títí di òní, àwọn àgbà kan wà ní Òkèrèwè níbí tó jẹ́ pé bí wọ́n bá gbọ́ ìró ọ̀pá mi, wọ́n á ní, "Bísímílàhì o, Músílíù!" Èmi náà á rẹ́rìn-ín. Kí ni mo fẹ́ ṣe?

Ibi iṣẹ́ tuntun náà ní ọ̀rá lórí. Yí i síwájú díẹ̀ kó o tó sọ̀rọ̀. Mọ ẹni tí wọ́n ń bọ̀wọ̀ fún níbẹ̀ àti ẹni tó kàn ń pariwo. Má ṣe bọ́ sọ́fíìsì lónìí kó o ní "bí a ṣe ń ṣe é ní Ìbàdàn kọ́ nìyí." Bí ọ̀rọ̀ rẹ tiẹ̀ dára, orí ọ̀rá ló máa bọ́ sí, kò sì sẹ́ni tó máa gbọ́ ọ. Pẹ̀lẹ́ lákọ, ó lábo.

Èkejì: ẹni tó dá iṣẹ́ rẹ padà kì í ṣe ọ̀tá rẹ. O rántí ìgbà àkọ́kọ́ tó o tún Atẹ̀gbọ́ ṣe? O yọ àmì kúrò lára àmù pátápátá. O ní kí ife máa bù ú ní gbàrà tí omi bá ti kán. O pè mí wá gbọ́ ọ, mo ní kó o fi wáàsí dán an wò, kì í ṣe ohùn tìrẹ. Ó di, "Ẹ̀-ẹ̀-ẹ̀yin a-a-ará…" Áàfáà di akólòlò! Wáàsí ti dẹ́kun, ó tún sọ, ó tún dẹ́kun. Àṣé o ti fi iṣẹ́ náà ránṣẹ́ sí àwọn tó ń bójú tó Atẹ̀gbọ́. Àgbà inú wọn, ọkùnrin tó ń gbé lókè òkun, tí ẹnikẹ́ni nínú wa ò rí sójú rí, dá a padà. Ó béèrè pé, àwọn tí ohùn ń ti ọ̀nà jíjìn bọ̀ wá bá wọn ńkọ́, tí omi wọn ń rọra kán?

Ojú ò ríran, ṣùgbọ́n mo gbọ́ ọwọ́ rẹ lórí bọ́tìnnì. Ọwọ́ tó ń bínú, ìró rẹ̀ yàtọ̀. O ní, "Bàbá, wọn ò mọ ohun tí nǹkan yìí fojú mi rí." Mo ní ṣé o sọ fún wọn? O ní rárá. Mo ní báwo ni wọ́n á ṣe mọ̀? Ẹni tó ní kí o tún un ṣe, kò ní kí o máa lọ. Nígbà tí inú rẹ rọ̀, o rí ọ̀nà rẹ̀: kí àmì wà níbẹ̀ bó ṣe wà, ṣùgbọ́n bí ẹni tó ń pọnmi bá ti ní "ó tán o," kí wọ́n bu èyí tó wà nínú àmù fún ilé, ì báà ṣe ẹ̀kán kan. Ìyẹn ni àgbà náà gbà. Ó sì kọ ọ́ pé o ṣeun. Bí ọ̀gá rẹ ní Àbújá bá dá iṣẹ́ rẹ padà, rántí àgbà yẹn. Jẹ́ kí ọwọ́ rẹ tutù kó o tó tẹ èsì.

Ìyá rẹ ní kí n fi kún un pé kó o má torí iṣẹ́ tuntun pa Atẹ̀gbọ́ tì. Mo gbà bẹ́ẹ̀. Sàráà ni. O kà á sí mi létí pé ẹnìkan ní ìlú mìíràn, tí ojú tirẹ̀ náà ò ríran, kọ̀wé dúpẹ́. N kò mọ onítọ̀hún, ṣùgbọ́n mo mọ ohun tó ń dúpẹ́ fún. Àmọ́ ìyá rẹ tún ní kó o máa jẹun. Ó ní kí n sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ gan-an: "Kó máa jẹun."

Ẹ̀kẹrin… Ìyá rẹ ní ẹ̀kẹta ni. Tíṣà ò ní yé ṣe tíṣà. Ẹ̀kẹta.

Sìdí, ìwọ gan-an ni Atẹ̀gbọ́ kí wọ́n tó tún un ṣe. Má bínú, jẹ́ kí n sọ ọ́. Láti kékeré ni o kì í sọ̀rọ̀ àyàfi tí ọ̀rọ̀ bá kún dé àmì. Ṣé o rántí sálúbàtà ilé-ìwé rẹ? Ó ti fún ọ lẹ́sẹ̀ tipẹ́tipẹ́, o ń wọ̀ ọ́ lọ, o ń wọ̀ ọ́ bọ̀. Ìró ẹsẹ̀ rẹ ni mo gbọ́ lọ́jọ́ kan pé kò bára mu mọ́. Nígbà tí mo bọ́ ọ, ẹ̀yìn ẹsẹ̀ rẹ ti bó. Mo ní kí ló dé tó o ò sọ̀rọ̀? O ní ò ń wá bó o ṣe máa sọ ọ́ tí kò fi ní dà bí ẹni pé ò ń ṣàròyé. Ọmọ tí kò tíì ju tábìlì lọ! Mo rẹ́rìn-ín lọ́jọ́ yẹn. Kò yẹ kí n rẹ́rìn-ín.

Ẹni bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Níbi tó o wà yẹn, ọ̀rọ̀ kékeré ló máa gbà ọ́ là jù. "Kò yé mi." "Ó rẹ̀ mí." "Èyí ò tọ́." Má dúró dìgbà tó o bá rí odindi wáàsí kí o tó la ẹnu. Bó bá ṣe ẹ̀kán kan ló wà nínú àmù, bù ú fún wọn bẹ́ẹ̀.

Mo mọ̀ pé o máa ní, "Bàbá, ṣé èmi nìkan ni?" Rárá. Tèmi burú ju tìrẹ lọ. Àwọn àgbà ní àbọ̀ ọ̀rọ̀ là ń sọ fún ọmọlúwàbí, bó bá dé inú rẹ̀, a di odindi. Àbọ̀ ni wọ́n wí. Wọn ò wí òfo. Òfo ni mo gbà lọ́wọ́ ẹ̀rọ, mo sì fi sọ odindi fún odindi ìdílé. Àṣà ìdákẹ́jẹ́ yẹn ò burú. Ṣùgbọ́n Áàfáà tó ń bi wúńdíá léèrè, iwájú rẹ̀ ló jókòó sí, ó ń rí i. Ó ń rí i bóyá ẹ̀rín ló fi tẹrí ba, bóyá omi ló wà lójú rẹ̀. Ẹni tó máa fi ìdákẹ́jẹ́ ṣe "bẹ́ẹ̀ ni," ó yẹ kó rí ojú ẹni tó dákẹ́. Èmi ò rí ojú rẹ. N kò sì tún béèrè. Mo fẹ́ "bẹ́ẹ̀ ni" débi pé mo gbọ́ ọ níbi tí kò sí.

Mo ti padà lọ bá Àlàájì, nílé rẹ̀ ní àdúgbò Mayfair, kì í ṣe ní Sábó níbi tí àwọn oníbàárà á ti máa gbọ́. Mo ní, "Ràímì, mo mú ọ̀rọ̀ mi padà wá. Ọmọ ò tíì fọhùn. Ẹ̀rọ ló bàjẹ́, èmi ni mo túmọ̀ rẹ̀." Ó wá ní, "Músílíù, ìwọ tó o fi kásẹ́ẹ̀tì jẹun dàgbà, o ò mọ ìyàtọ̀ láàárín kásẹ́ẹ̀tì òfìfo àti ẹni tó dákẹ́?" Mo ní, "Mi ò mọ̀ ọ́n, ọ̀rẹ́ mi. Mo ti wá mọ̀ ọ́n." Táófíkì wà níbẹ̀. Òun ló sìn mí dé ẹnu ọ̀nà. Ó ní, "Bàbá, ẹ má fi agídí bi í o. Mi ò fẹ́ kí ẹnikẹ́ni bá mi gbọ́ ọ. Mo fẹ́ gbọ́ ọ lẹ́nu ẹ̀, ohun yòówù tó bá jẹ́." Mo sọ èyí fún ọ kó o lè mọ irú ẹni tó ń dúró. N kò sọ ọ́ kó o lè gbà.

Ó ku nǹkan kan. Ohùn tó o fi ránṣẹ́ yẹn, n kò gbọ́ ọ níṣojú rẹ. Mo dúró títí o fi padà sí Ìbàdàn. Mo wá tẹ̀ ẹ́. Atẹ̀gbọ́ ò jáfara rárá. O mí kanlẹ̀ lákọ̀ọ́kọ́, mo gbọ́ ọ, lẹ́yìn náà o ní, "Bàbá, kò tíì yá." Gbogbo rẹ̀ nìyẹn.

Ó dùn mí, Sìdí. Kì í ṣe ọ̀rọ̀ náà ló dùn mí. Èémí tó ṣáájú rẹ̀ ni. Mo mọ èémí. Iṣẹ́ mi ni fún ọ̀pọ̀ ọdún, kí n máa gbọ́ bí èèyàn ṣe ń mí kó tó sọ̀rọ̀. Mo gbọ́ ọ pé ẹ̀rù mi ń bà ọ́. Ọmọ mi ń bẹ̀rù àtisọ ọ̀rọ̀ bí-ín-tín fún mi, bó ṣe bẹ̀rù nítorí sálúbàtà. Bí mo bá ti ṣe é tí ẹ̀rù mi fi ń bà ọ́, jọ̀wọ́, má ṣe jẹ́ kó bà ọ́ mọ́.

"Kò tíì yá" kì í ṣe "rárá," kì í sì í ṣe "bẹ́ẹ̀ ni." Láti ìgbà tó o ti dé Àbújá, o ti sọ fún wa nípa iṣẹ́, nípa oúnjẹ, nípa òtútù ẹ̀rọ amúlétutù, o ò fẹnu kan Táófíkì. Ìbéèrè mi nìyí, mo sì ń bi ọ́ bí ẹni tí ò ríran ṣe yẹ kó bi èèyàn, tí á sì dúró gbọ́ èsì: ṣé ó ti yá? Bó bá ti yá, sọ ọ́. Bí kò bá tíì yá, sọ pé kò tíì yá, a ó máa dúró. Bí kò bá ní yá láéláé, sọ "rárá," kó o sì lọ jẹun. Èmi ni màá lọ bá Àlàájì. Mo ti mọ ọ̀nà ibẹ̀ dáadáa báyìí. Kò sí èyí tó o máa sọ nínú wọn tó máa sọ mí di ẹni tí kì í ṣe bàbá rẹ mọ́.

Ṣùgbọ́n má fi ìdákẹ́jẹ́ dá mi lóhùn. Ìwọ fúnra rẹ lo tún ẹ̀rọ yìí ṣe kí ọ̀rọ̀ tó kúrú lè dún. Fi ọ̀kan ránṣẹ́ sí mi.

Kí Ọlọ́run máa ṣọ́ àlọ rẹ àti àbọ̀ rẹ, kí ilẹ̀ Àbújá rọ̀ ọ́ lọ́rùn.

Èmi ni, bàbá rẹ, tí etí rẹ̀ ṣì mú,
Músílíù.

Sìdí, èmi ìyá rẹ ni mo ń kọ èyí. Bàbá rẹ ti lọ ṣe àlùwàlá, wọ́n rò pé mo ti pa ìwé dé. Wọ́n ò ní kí n sọ èyí fún ọ, ṣùgbọ́n èmi náà kò ní dákẹ́.

Láràárọ̀ tí wọ́n bá ti kírun Àsùbá tán, wọ́n á jókòó sídìí kọ̀ǹpútà, wọ́n á tẹ ohùn rẹ yẹn. Mo máa ń gbọ́ ọ láti ilé ìdáná: "Bàbá, kò tíì yá." Mi ò mọ ohun tó jẹ́ títí di òní tí mo kọ ìwé yìí. Ní àárín kan báyìí, mo bi wọ́n léèrè ìdí tí wọ́n fi ń gbọ́ nǹkan kan náà lójoojúmọ́. Wọ́n ní etí àwọn ni àwọn ń kọ́, kó lè jẹ́ pé bó o bá sọ pé "rárá," ẹnu àwọn á ti mọ ohun tó máa sọ.

Lẹ́yìn tí ohùn rẹ bá ti dún tán ni wọ́n máa ń sọ ọ́, kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́, àwọn nìkan. Wọ́n á ní, "Ó dáa, ọmọ mi. Mo gbọ́."